Ìtọ́jú Àjẹsílẹ̀: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ọkọ̀ Eré Tòkunbọ̀ ní Abẹ́òkúta

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò kò ra irin àti táyà nìkan. Ó ra gbogbo iṣẹ́ tí ẹni ìṣáájú yẹ kí ó ti ṣe sí ọkọ̀ náà ṣùgbọ́n tí kò ṣe. Ọ́ìlì tí ó ti yẹ kí wọ́n pààrọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, bẹ́líìtì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, táyà tí ojú rẹ̀ ń dán ṣùgbọ́n tí ó ti gbó láti inú wá, gbogbo rẹ̀ ń bá kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́wọ́ olówó tuntun. Èdè Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún irú ẹrù báyìí. Owó oṣù tí wọn kò san ní àsìkò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní owó oṣù àjẹsílẹ̀. Gbèsè tí bàbá kú fi sílẹ̀ fún ọmọ, àjẹsílẹ̀ ni. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi dábàá *ìtọ́jú àjẹsílẹ̀* fún ìtọ́jú ọkọ̀ tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, tí ó sì di dandan fún olówó tuntun láti ṣe, àti *sísan ìtọ́jú àjẹsílẹ̀* fún ìgbésẹ̀ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ohun tí oníbàárà bá ní orúkọ fún ni ó lè béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì; ohun tí ó bá sì béèrè ni mẹkáníìkì yóò ṣe. Ohun tí kò bá lórúkọ láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án títí yóò fi bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ti rìn jìnnà ní Yorùbá. Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Abẹ́ igi àti abẹ́ páànù tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́ páànù yìí kì í ṣe aginjù. Ọ̀gá ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ọmọ iṣẹ́ ń ṣe òmìnira, òun náà ń di ọ̀gá, kò sì sí ẹni tí ó dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí ó tó sọ orúkọ ohun tí ó mú lọ́wọ́. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ó sì wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti tó àti ibi tí kò tó.

Abẹ́òkúta yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti tẹ *Ìwé Ìròyìn* ní 1859 jẹ́ ìlú tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń fún ohun àjèjì ní orúkọ lórí ìwé. Yàtọ̀ sí èyí, ìlú olókè ni: láti Òkè-Ìlèwó dé etí odò Ògùn ní Láfẹ́ńwá, awakọ̀ a máa gùn, a sì máa sọ̀, bíréèkì àti rédíétọ̀ tí kò pé kò sì ní pẹ́ kí àṣírí wọn tó tú. (Ẹni tí ó bá ń kọ orúkọ odò náà kí ó ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀: Ògùn ni odò, Ògún ni òrìṣà irin tí àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń bọ.) Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ni Ìdìròkò wà, ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ibodè tí ọkọ̀ àlòkù ń gbà wọlé láti Kùtọnu, kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní 2017.

Orúkọ ọkọ̀ náà

Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ènìyàn kí ó tó di orúkọ ọkọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí ó sì padà wálé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí iye náírà sì wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba; ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò ni ó gba ipò rẹ̀, orúkọ ọmọ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ògbufọ̀ kan a máa fi *àlòkù* rọ́pò *tòkunbọ̀* nítorí pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́jà, ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà jẹ́ àlòkù, kì í ṣe tòkunbọ̀, ìtọ́jú àjẹsílẹ̀ tí ó wà lára àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe irú kan náà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní ìlú òtútù ti lè jẹ abẹ́ tòkunbọ̀ di ìpẹtà. Kòtò, eruku àti ooru ni ó ti bá àlòkù ilé jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá pa àwọn méjèèjì pọ̀ ń fi nǹkan pamọ́ fún olùrà.

Orúkọ ọkọ̀ eré fúnra rẹ̀ gba àlàyé díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó kéré, tí ó sún mọ́ ilẹ̀, tí ó sábà máa ń ní ìlẹ̀kùn méjì, tí wọ́n sì ṣe fún eré àti fún dídùn wíwà ju fún ẹrù àti èrò lọ, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí: irú Honda Prelude, Toyota Celica, Mazda MX-5 tàbí Porsche 944. *Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́* wà nílẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí sàlẹ́ńsà irú ọkọ̀ yìí ṣe ń ké ní òru mọ̀ pé kì í yọ́ kẹ́lẹ́ rárá. *Ọkọ̀ eré ìdárayá* ń mú ènìyàn rántí pápá bọ́ọ̀lù. *Ọkọ̀ eré ìje* sì jẹ́ ti àwọn tí ń díje lórí pápá, èyí tí kì í ṣe ohun tí olówó rẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. *Ọkọ̀ eré* tó. Èdè Yorùbá ti so ìyára àti ìgbádùn mọ́ ọ̀rọ̀ kan: ẹni tí ó ń sáré, eré ni ó ń sá, ẹni tí ó ń ṣeré, eré náà ni ó ń ṣe. Ohun méjèèjì tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ yìí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, láìsí àfikún.

Ìtọ́jú, àtúnṣe àti sẹ́fíìsì

Kí àpẹẹrẹ jẹ́ olùkọ́ kan tí ó fi owó àjọ ra Honda Prelude tí wọ́n ṣe ní 1998. Ọkọ̀ náà dára lójú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ó wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe sẹ́fíìsì rẹ̀ dáadáa.” Èsì ọ̀gá ni, “Kò sí wàhálà, Tíṣà. Ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́.” Ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ san owó, ó gba kọ́kọ́rọ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé gbogbo ohun tí ó yẹ ni wọ́n ti ṣe.

Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, *sẹ́fíìsì* ti fìdí múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ kan pàtó: pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti asẹ́ rẹ̀, fífọ púlọ́ọ̀gì tàbí pípààrọ̀ rẹ̀, àti gbígbọn eruku asẹ́ atẹ́gùn. Oje bíréèkì kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi rédíétọ̀, ọ́ìlì gíà àti bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò ní èdè tí wọ́n ti yá a ti dín kù nígbà tí ó dé abẹ́ páànù, olùkọ́ sì lò ó bí ẹni pé kò dín kù. Gbogbo ìtọ́jú àjẹsílẹ̀ ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, àyàfi ọ́ìlì.

Ògbufọ̀ lè rò pé *ìtọ́jú* yóò yanjú ọ̀ràn náà. Ó sàn ju *sẹ́fíìsì* lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó tọ́jú owó gbé e pamọ́ ni, kò sì tún fọwọ́ kàn án. Ìtumọ̀ kejì yìí léwu fún ọkọ̀ eré, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni olówó rẹ̀ sábà máa ń fi aṣọ bò sí ẹ̀yìn ilé, tí yóò sì máa yangàn pé òun tọ́jú rẹ̀, pé kò rìn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọdún. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé pamọ́ kì í dúró bí ó ti wà. Pẹtiróòlù inú rẹ̀ ń bàjẹ́, bátìrì ń kú, rọ́bà tí ó dí ojú páìpù ń gan, táyà ń tẹ́ lójú kan, oje bíréèkì sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Nítorí náà, nínú ìwé ẹ̀kọ́ ó dára kí *ìtọ́jú* wà fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àsìkò kí nǹkan má baà bàjẹ́, kí *ìpamọ́* wà fún gbígbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí *àtúnṣe* sì wà fún ohun tí ó ti bàjẹ́ tán. *Sẹ́fíìsì* kò ní láti kú. Kí ó máa jẹ́ orúkọ iṣẹ́ kékeré tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n sí. Ìtọ́jú àjẹsílẹ̀ wà láàárín ìtọ́jú àti àtúnṣe: nǹkan kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n àsìkò tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é ti lọ.

Epo, ọ́ìlì, omi, oje

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ fi àkókò tí ó pọ̀ jù lọ kọ́. *Epo* nínú Yorùbá bo epo pupa, epo pẹtiróòlù, epo dísù, àti lẹ́nu àwọn àgbà mìíràn, ohun gbogbo tí ó bá ń yọ̀. Ní ilé epo, ọ̀rọ̀ náà kò mú ìṣòro wá. Kò sí ẹni tí yóò bu epo pupa sínú táǹkì. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé bá sọ pé “epo ọkọ̀ ti dín kù”. Pẹtiróòlù tí ó dín kù ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà; ọ́ìlì tí ó dín kù ń pa ẹ́ńjìnnì. Iná pupa tí wọ́n ya àwòrán agolo ọ́ìlì sí tí ó bá tàn níwájú awakọ̀ túmọ̀ sí pé kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Iná táǹkì pẹtiróòlù túmọ̀ sí pé kí ó wá ilé epo. Ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ sin àwọn méjèèjì. *Epo* fún ohun tí ń jó, *ọ́ìlì* fún ohun tí ń mú irin yọ̀: ìpínyà tí àwọn mẹkáníìkì ti ṣe fúnra wọn nìyí, ó sì pé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ *ọ́ìlì* náà ti kọjá ààlà rẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí ó wà nínú bíréèkì ní ọ́ìlì bíréèkì. Kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Bí ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ bá gbọ́ pé “ọ́ìlì bíréèkì dín kù”, tí ó sì bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún un, rọ́bà tí ń dí ojú písítìnì bíréèkì yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì bàjẹ́ láàárín àkókò díẹ̀. Ẹlòmíràn ń sọ pé omi bíréèkì. Èyí kò ba rọ́bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pe ọ̀tá gan-an wọlé, nítorí pé omi ni ohun tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Kí ìdí rẹ̀ tó yé akẹ́kọ̀ọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí bíréèkì ń ṣe. Bíréèkì ń sọ ìrìn ọkọ̀ di ooru. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ lé e títí dé ìsàlẹ̀, páàdì àti irin rẹ̀ ń gbóná, ooru náà a sì wọ inú ohun olómi tí ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ sídìí táyà. Irú èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára agolo rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 230°C nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun. Lẹ́yìn tí ó bá ti fa omi, 155°C ni òdiwọ̀n tí òfin rẹ̀ fi lélẹ̀. Ti DOT 3 kéré sí èyí: 205°C fún tuntun, 140°C fún èyí tí ó ti fa omi. Bí ó bá hó, ó ń sọ ara rẹ̀ di gáàsì nínú páìpù. Ohun olómi kò ṣeé fún pọ̀, gáàsì ṣeé fún pọ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ọkọ̀ eré, tí wọ́n ń sá lé bíréèkì ju èyíkéyìí lọ, ni èyí kàn jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi yẹ kí ó wà lókè pátápátá nínú ìtọ́jú àjẹsílẹ̀ tí ẹni tí ó ra ọkọ̀ lónìí yóò san.

*Oje bíréèkì* ni àbá tí ó wà níhìn-ín. Oje igi kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe epo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní oje mìíràn nínú agolo tí yóò ṣèèṣì dà sí i. Ọ̀rọ̀ náà lè ṣàjèjì létí mẹkáníìkì tí *fúlúùdì* ti mọ́ lẹ́nu. Kò sí ohun tí ó burú nínú *fúlúùdì bíréèkì* fún ẹni tí ó gbọ́ ọ yé. Ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gbà ni *ọ́ìlì bíréèkì*. Àwọn gbólóhùn tí mẹkáníìkì ń lò fún àìsàn bíréèkì, ní tiwọn, kò nílò àtúnṣe kankan, ó sì yẹ kí ìwé kó wọn wọlé bí wọ́n ti wà: *bíréèkì kò mú* (páàdì ti jẹ tán tàbí ọ́ìlì kàn án), *bíréèkì ń wọlẹ̀* (gáàsì tàbí atẹ́gùn wà nínú oje), *bíréèkì já* (oje ti jò tán tàbí páìpù ti gé). Ìyàtọ̀ mẹ́ta, gbólóhùn mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ará òkè òkun kò ṣe é kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìwé ọkọ̀ tí wọ́n kọ fún àwọn ará ìlú òtútù ń pe ohun tí wọ́n ń pò mọ́ omi rẹ̀ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí kì í jẹ́ kí omi dì. Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e ní ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé yóò kọ *adènà-dídì*. Ará Abẹ́òkúta yóò ka èyí, yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò sì bu omi ẹ̀rọ kún rédíétọ̀ rẹ̀, nítorí pé kò sí ibi tí omi ti ń dì lójú ọ̀nà Aṣẹ́rò. Ògbufọ̀ ni ó ṣì í lọ́nà. Ìdá ìlàjì ohun yìí pẹ̀lú ìdá ìlàjì omi kì í hó ní 100°C bí omi lásán. Ó ń tó nǹkan bí 107°C, ìdérí rédíétọ̀ tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sì ń gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, oògùn inú rẹ̀ ń dènà ìpẹtà nínú ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ méjì yìí ni ó ń ṣe ní ilẹ̀ olóoru, iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ. *Oògùn rédíétọ̀* dára: ó jẹ́ kí ó yé ènìyàn pé inú omi ni wọ́n ń pò ó sí, pé agbára rẹ̀ sì ń tán bí ti oògùn. Orúkọ ohun èlò yẹ kí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ.

Máìlì, kìlómítà àti bẹ́líìtì eléyín

*Ibùsọ̀* jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń pe máìlì. Ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ti ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe kìlómítà, bí ẹni pé gígùn ni gígùn ń jẹ́. Fún ìtàn àròsọ, kò ṣe nǹkan. Fún ọkọ̀, ó lè ná ènìyàn ní ẹ́ńjìnnì odidi.

Prelude olùkọ́ náà ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni aago rẹ̀ sì ń kà. Nọ́ńbà tí ó wà lójú rẹ̀ ni 90,000. Kí ó jẹ́ pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ní kìlómítà 100,000. Olùkọ́ ka “ibùsọ̀ 90,000”, ó sì rò pé ó ku 10,000. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, ọkọ̀ náà ti rìn tó nǹkan bí kìlómítà 144,800. Kò ku nǹkan kan. Ó ti fi 44,800 jẹ gbèsè. Kí *máìlì* àti *kìlómítà* máa jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí wọ́n jẹ́, kí *ibùsọ̀* sì padà sínú ìtàn. Aago náà fúnra rẹ̀ ni *aago ìrìn ọkọ̀*, tí ó yàtọ̀ sí *aago eré* tí ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó. Olùrà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé wọ́n lè yí aago ìrìn padà sẹ́yìn. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, kí ó ka gbogbo ìtọ́jú sí àjẹsílẹ̀.

Bẹ́líìtì tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rí nígbà tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ń yí fáànù tàbí ẹ̀rọ iná. Inú ìdérí ni ó wà, ó ní eyín, òun ni ó sì so písítìnì àti fáàfù pọ̀ kí olúkúlùkù lè mọ ìgbà tí yóò gòkè àti ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀. *Bẹ́líìtì eléyín* ń fi í hàn ju *táímìn bẹ́líìtì* lọ, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ lè fi ojú rí eyín náà. Ó sábà máa ń lò tó kìlómítà 100,000 sí 160,000 kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n ọdún náà ń gbó o. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àṣẹ. Kì í ké kí ó tó já.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá já kì í rí bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀, Yorùbá kò sì tíì ní orúkọ fún ìyàtọ̀ náà. Nínú Prelude yìí, àti nínú Porsche 944 tí wọ́n ṣe láàárín 1982 àti 1991, písítìnì yóò gbá fáàfù tí ó ṣí sílẹ̀, fáàfù yóò sì tẹ̀. Nínú Mazda MX-5 àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 1989, àlàfo tó láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì yóò kú, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tuntun yóò jí i. *Ẹ́ńjìnnì akọlura* ni kí ti ìṣáájú máa jẹ́, *ẹ́ńjìnnì àìkọlura* ni kí ti ìkẹyìn máa jẹ́. Toyota Celica tí wọ́n ṣe láti òpin 1999 ní tirẹ̀ kò lo bẹ́líìtì fún iṣẹ́ yìí. Ṣéènì irin ni ó ń lò. Mẹkáníìkì kì í pè é ní *ẹ̀wọ̀n*, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀wọ̀n ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe létí ènìyàn. Olùrà tí ó bá lè béèrè pé, “Ṣé ẹ́ńjìnnì akọlura ni, ṣé bẹ́líìtì ni ó ń lò àbí ṣéènì?” ti mọ iye tí àjẹsílẹ̀ ọkọ̀ náà lè tó kí ó tó dúnàádúrà.

Nọ́ọ̀kì

Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ń tan ògbufọ̀ jẹ bí èyí. Ní èdè tí wọ́n ti yá a, ìró tí ń dún kó-kó-kó nínú ẹ́ńjìnnì nítorí pé epo ń gbiná ní àìtó àkókò ni. Ọkọ̀ ṣì ń rìn. Ní abẹ́ páànù, *ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì* túmọ̀ sí pé ó ti kú pátápátá, pé irin ti gbá irin mú, pé òmíràn ni kí wọ́n lọ rà. Ìwé tí ó bá sọ pé “bí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, ra epo tí ó dára jù” yóò di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́. *Ìró kó-kó-kó* ni kí ìwé máa lò fún ti àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀gá ń fi etí yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí wọ́n tó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ìró-àfarawé sì ni irinṣẹ́ wọn. Kò sí ìdí tí ìwé sáyẹ́ǹsì fi gbọdọ̀ tijú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Táyà àti abẹ́ ọkọ̀

Èyí kò gba àlàyé gígùn. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tí wọ́n ṣe láti 2000: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2018. *Ọjọ́ ìbí táyà* ni orúkọ tí ó rọrùn jù fún un. Táyà ọkọ̀ eré tí kò rìn púpọ̀ lè ní ojú tí ó dára kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì ti jìnnà. Nínú àwọn ọkọ̀ eré kan, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, nítorí náà wọn kò ṣeé gbé rọ́pò ara wọn. *Àlàfo abẹ́ ọkọ̀*, èyíinì ni gíga láti ilẹ̀ dé ikùn ọkọ̀, kéré púpọ̀. Òkúta àti òkè kékeré tí wọ́n mọ sójú títì lè gbá páànù ọ́ìlì fọ́.

Ìwé ìrántí ìtọ́jú nínú kíláàsì

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè fi ojú ewé kan kọ́ gbogbo ohun tí ó wà lókè yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ilà márùn-ún sí òòró, kí ó kọ sókè wọn: *Ohun èlò, Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, Ìrìn lórí aago, máìlì tàbí kìlómítà, Àsìkò tí ìwé ọkọ̀ sọ, Iye àjẹsílẹ̀*. Kí ó wá to ohun èlò sí ìsàlẹ̀ bí ewu wọn ti tó: oje bíréèkì àti páàdì, táyà, bẹ́líìtì eléyín, oògùn rédíétọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, púlọ́ọ̀gì, ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀dà kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ olùrà ń kọ́kọ́ ná owó lé.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní méjì méjì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí, kí wọ́n kí ọ̀gá bí ó ti yẹ, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ orúkọ tí òun ń pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá ti yàtọ̀ sí ti ìwé, kí wọ́n kọ ti ọ̀gá sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè ìdí. Èsì tí ó bá fún wọn lórí *oje bíréèkì* ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú padà wá sí kíláàsì.